Faransé Tí Èmi Àti Màdáàmù Fi Ń Kí Ara Wa

Ọdún tí mo bí àkọ́bí mi ni mo fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Èdè Faransé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Adó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí púpọ̀ nínú wọn gbà lọ́wọ́ mi kò ju “bọ́ńjúù” lọ. Wọ́n máa ń fi kí mi lọ́jà, wọ́n máa ń fi kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà mìíràn wọ́n á ké e sí mi láti orí igi máńgòrò. Ọmọ tí mo bí kò pé oṣù kó tó wá sáyé, èémí rẹ̀ kì í sì í já geere. Dókítà ní kí a má gbé e lọ sáàárín èrò, kí eruku má kàn án, kí a má sì fi í sílẹ̀ fún alágbàtọ́. Ọkọ mi wò mí, èmi náà wò ó. Olùkọ́ lòun náà, ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n nínú àwa méjèèjì, èmi ni mo ní ọmú. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn.

Màmá mi wá láti Ìyìn láti bá mi tọ́jú ọmọ. Ó ní òun kò ní pẹ́, ṣùgbọ́n ó gbé ọlọ rẹ̀ dání. Ẹni tó bá gbé ọlọ dání kò wá kí ènìyàn lásán.

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi wá nígbà ìkómọ, wọ́n tún yà lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ wọn dá nílé wa. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó bá wá kí mi nígbà náà, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ọmọ ni yóò gbọ́: àwọ̀ rẹ̀, bó ṣe ki sí, àti ohun tí màmá mi sọ nípa rẹ̀. Ó wá dé ibì kan tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìkòkò sọ Faransé nílé ìdáná. Mo ń bi í bóyá ó ti fẹ́ hó. Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ mi, ó sì yí padà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo rí i tó ń fi omi mímọ́ wọ́n ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

Ọkọ mi ló wá nǹkan ṣe sí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń lọ sókè òkun fún un ní kọ̀mpútà àlòkù kan, ó sì gbé e sórí tábìlì ìjẹun wa. Tẹlifóònù ti wà nínú ilé náà kí a tó kó débẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo tó wà ní àdúgbò wa sì ni. Ó so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ kọ̀mpútà àti tẹlifóònù, ó wá sọ fún mi pé, “Kàkà kí o máa bá ìkòkò sọ ọ́, wá àwọn tí yóò dá ẹ lóhùn.”

Kì í ṣe ohun kékeré. Ìbàdàn ni a ní láti pè kí a tó lè dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìpè ọ̀nà jíjìn sì ni. Nítorí náà, màá kọ ohun tí mo bá fẹ́ kọ tán, màá tún un kà, ìgbà náà ni màá tó jẹ́ kí ẹ̀rọ pe Ìbàdàn, kó gbé tèmi lọ, kó gbé tàwọn ẹlòmíràn wá, kí n sì yára pa á. Ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ hanrun, á súfèé, á wá figbe ta bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìrù. Bí ọmọ bá gbọ́ ọ, òun náà á figbe ta. Màmá mi á wá pariwo láti inú yàrá pé, “Èwo nínú wọn ni kí n kọ́kọ́ gbé?”

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi yẹn náà ló fún mi ní àdírẹ́sì ẹgbẹ́ àwọn ògbufọ̀ kan. Bí ènìyàn bá kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò kà á, níbikíbi tí wọ́n bá wà láyé, ẹni tó bá mọ èsì á fèsì. Títúmọ̀ ìwé láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì àti láti Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé ni wọ́n fi ń jẹun. Ọjọ́ tí mo fẹ́ kọ̀wé sí wọn fún ìgbà àkọ́kọ́, mo wẹ̀, mo wọ yẹ̀rì àti kóòtù tí mo fi ń lọ sí ilé ìwé, mo kun àtíkè, mo wá jókòó síwájú kọ̀mpútà.

Màmá mi wò mí láti òkè délẹ̀. “Ṣé wọ́n ń rí ẹ ni?”

“Wọn ò rí mi, mà.”

“Ta lo wá kun àtíkè fún?”

“Iṣẹ́ ni mo fẹ́ ṣe, mà.”

“Uṣẹ́,” ni màmá mi wí, nítorí bí a ṣe ń pè é nílé wa nìyẹn. “Mo ti rí uṣẹ́ oko, mo ti rí uṣẹ́ ọjà. N ò tíì rí èyí tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ kun àtíkè fún àpótí.”

Mo kọ ọ́ ṣáá. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ àti ìwé tí mo kà. Orúkọ ìsàmì mi àti orúkọ ọkọ mi ni mo fi buwọ́, inú Bíbélì sì ni méjèèjì ti wá. Ìlú tí mo wà, mo pè é ní Nàìjíríà lásán. Mo rò pé bí mo bá dárúkọ Adó-Èkìtì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá iná wà níbẹ̀, èmi náà ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà.

Nínú ẹgbẹ́ yẹn ni mo ti bá Màdáàmù pàdé. Kò sí ẹni tí kò bẹ̀rù rẹ̀. Bí ẹnì kan bá béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, Màdáàmù á fèsì, á tún Faransé tí ẹni náà fi béèrè ṣe fún un. Mo béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ kan, ó dá mi lóhùn dáadáa, ó wá fi kún un pé àmì ìdánudúró mi pọ̀ jù, pé ó dà bíi pé ẹni tó ń kọ̀wé náà ń gun òkè. Òótọ́ ni. Ọmọ wà lẹ́yìn mi nígbà tí mo ń kọ ọ́, mo sì ń jó fún un kó lè sùn.

Orúkọ Màdáàmù dà bí orúkọ àwọn Potogí. Kò sọ ìlú tó wà. Lọ́kàn mi, ìyá àgbà òyìnbó kan ni, tó ga, tó gbẹ, tó ń wo ayé láti abẹ́ awò ojú rẹ̀. Bó ṣe máa ń parí ìwé rẹ̀ ló ń kó mi láyà jẹ jù. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún màmá mi nígbà kan: “Ẹ jọ̀wọ́, Màdáàmù, ẹ gba ìdánilójú ìkíni mi tó lọ́lá jù lọ.”

“Ìdánilójú ìkíni?” ni màmá mi wí. “Ṣé ẹnì kan sọ pé wọn ò kí ẹ ni?”

Síbẹ̀, èmi náà kọ́ ọ. Bí mo bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ Màdáàmù, ìkíni á ju ìbéèrè lọ. A ń kí ara wa ṣáá bí ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó tó ń bára wọn pàdé fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹni tí nǹkan yìí kọ́kọ́ bí nínú ni Bàbá tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹlifóònù wa ló sì máa ń pè lọ́jọ́ Sunday bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó wọlé wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú agbádá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn rẹ̀, kò jókòó.

“Ọmọ mi kọ̀wé sí mi,” ni Bàbá wí. “Ó ní ọjọ́ Sunday méjì ni òun fi pè, tí tẹlifóònù ń dún pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Mo fẹ́ mọ irú ọ̀rọ̀ tí kì í tán yìí.”

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo fi kọ̀mpútà hàn án. Mo ṣàlàyé pé àwọn ògbufọ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ ní Faransé, pé láti ọjọ́ náà lọ n ò ní fọwọ́ kàn án ní Sunday mọ́. Bàbá jókòó nígbà náà. Ó ní òun kọ́ Látìn díẹ̀ nígbà èwe òun lọ́dọ̀ àwọn Fadá, pé ṣé Faransé jọ Látìn? Mo ní ó jọ ọ́ díẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá ti ń dúró lójúde rẹ̀ ní àràárọ̀ láti kí mi, “Bọ́ńjúù, Màdáàmù!” Ó ń fi gbogbo ohùn tó fi ń pe àwọn ọmọ ilé ìwé sórí ìlà.

Kò pẹ́ ni Màdáàmù kọ̀wé sí èmi nìkan, kì í ṣe sí ẹgbẹ́. Ó ní àwọn kan gbé ìwé ìlànà kan fún òun pé kí òun túmọ̀ rẹ̀ láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní iṣẹ́ náà pọ̀ ju òun nìkan lọ, Gẹ̀ẹ́sì mi sì dára ju ìdánudúró mi lọ, ṣé màá gba ìdajì? Mo kà á tán, mo pariwo. Màmá mi sáré jáde, ó rò pé èémí ọmọ ló tún há. Nígbà tó rí i pé ẹ̀rín ni mo ń rín, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí n má pa òun.

Ìwé nípa bí wọ́n ṣe ń sin ẹran kan ni. Ìpalẹ̀mọ́ àgò rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, àrùn tó ń ṣe é, bí akọ àti abo rẹ̀ ṣe ń gbé. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé n kò mọ ẹran náà. Orúkọ rẹ̀ ní Faransé kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè mi àtijọ́. Mo túmọ̀ bó ṣe ń jẹun, mo túmọ̀ bó ṣe ń bímọ, n ò sì mọ ẹni tó ń bímọ. Mo ní láti kọ̀wé bi Màdáàmù.

Èsì rẹ̀ gùn bí ìwé ẹ̀sùn. Ó ní ẹran onírun ni, pé ó tóbi ju eku lọ dáadáa, pé eyín rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, pé koríko gbọọrọ etí odò ni oúnjẹ rẹ̀, ó máa ń wọ oko àgbàdo, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn ẹran rẹ̀ púpọ̀, pàápàá bí wọ́n bá yan án. Kí n sì jọ̀wọ́ gba ìdánilójú ìkíni rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Níbi tó ti sọ̀rọ̀ nípa oko àgbàdo, mo fọwọ́ lu tábìlì.

“Ọ̀yà!” ni mo kígbe.

Mo bẹ̀rẹ̀ èsì mi bó ṣe yẹ. Mo kí Màdáàmù, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màdáàmù, mo wá fi kún un pé ó jọ pé ẹran yìí ni a ń pè ní “ọ̀yà” ní èdè ìlú wa. Kọ̀mpútà wa ìgbà náà kò mọ àmì lórí tàbí nísàlẹ̀, nítorí náà “oya” lásán ni mo tẹ̀. Mo rán an lọ.

Ọjọ́ kejì, ìwé Màdáàmù dé. Kò sí ìkíni níbẹ̀. Kò sí Faransé níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: “Ṣé ọ̀yà tí à ń jẹ ni, àbí òòyà tí à ń fi ya irun? Ẹ dákun, ọmọ ibo ni yín?”

Mo dìde. Mo tún jókòó. Mo pe ọkọ mi, ó ti lọ síbi iṣẹ́. Mo pe màmá mi, mo kà á fún un. Mo fèsì lójú ẹsẹ̀, òun náà sì ṣàlàyé ara rẹ̀: ọmọ Àjàṣẹ́ ni Màdáàmù, ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá láti ayébáyé. Orúkọ tó dà bíi ti Potogí yẹn, orúkọ Àgùdà ni, èyí tí àwọn baba ńlá rẹ̀ kó bọ̀ láti Bùràsíìlì. Gbogbo àsìkò yìí, òun náà rò pé ìyá Ìgbò kan ni mí, torí orúkọ Bíbélì tí mo ń fi buwọ́.

Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ ẹ̀ rí i,” ni ó wí. “Ẹni tó wà ní Ìyìn tó fẹ́ wá sí Adó, tó wá gba Ìlọrin kọjá. Yorùbá àti Yorùbá, ẹ gbéra ẹ lọ yá ẹnu òyìnbó kí ẹ tó lè kí ara yín!” Ó sọ ọ́ fún ọkọ mi nígbà tó dé. Ó sọ ọ́ fún Bàbá. Ó sọ ọ́ fún ọmọ ọwọ́ náà nígbà tó ń wẹ̀ fún un.

A gbìyànjú láti máa kọ Yorùbá síra wa lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n láìsí àmì, àlọ́ ni. Màdáàmù kọ̀wé sí mi pé “oko” òun bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Mo fi odindi ojú ìwé kan bá a dárò ìwà ọkùnrin, mo ní kó má jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lára. Ọkọ̀ ló ń wí. A padà sí Faransé fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, a fi Yorùbá sílẹ̀ fún ìparí ìwé. Dípò ìdánilójú ìkíni, ó ń kọ “ó dàbọ̀.” Kò yéé pè mí ní Màdáàmù, èmi náà ò sì yéé pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ ọ̀yà fẹ́ parí, ó ní àwọn kan ń pe òun sí Ìbàdàn nípa iṣẹ́ tuntun, òun ò sì lè dé Ìbàdàn kí òun má dé Adó. A fi àdéhùn sí iwájú ọgbà Fájuyì. Ó ní aṣọ búlúù ni òun yóò wọ̀. Mo ní màá mú agbòjò dání. Mo fi ọmọ ti màmá mi, mo gun ọ̀kadà lọ.

Ta ló mọ̀ pé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì kan ń rìnrìn àjò lọ́jọ́ náà? Búlúù ni gbogbo wọn wọ̀. Mo dúró, mò ń wá ìyá àgbà tó ga, tó gbẹ, tó wọ awò. Ọkọ̀ Ìbàdàn dé, àwọn èrò sọ̀. Ọmọbìnrin kúkúrú kan tó wọ búlúù sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì lórí, ó wò mí, ó wo agbòjò mi, ó kọjá. Èmi náà wò ó, mo gbójú kúrò. Ó lọ tààrà bá ìyá arúgbó kan nínú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ náà, tó wọ awò ojú, tí agbòjò sì wà lọ́wọ́ tirẹ̀ náà. Ọmọbìnrin yìí tẹ̀ ba, ó wá fi Faransé tó dán bíi dígí kí i pé inú òun dùn, ó sì jẹ́ iyì ńlá fún òun láti rí i.

Ìyá arúgbó náà wò ó, ó mi orí. “Ọmọ mi,” ni ó wí, “n ò gbọ́ Haúsá.”

Ẹ̀rín tí mo rín, agbòjò bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin náà yí padà, ó rí mi, ó fọwọ́ bo ẹnu.

“Ẹ̀yin ni?” ni ó wí.

“Ẹ̀yin ni?” ni èmi náà wí.

Ó kéré sí mi dáadáa. Nígbà tó yé e pé ẹ̀gbọ́n ni mo jẹ́ fún òun, ó kúnlẹ̀ sójú títì nínú eruku Fájuyì. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú nítorí ọ̀rọ̀ ìdánudúró yẹn.” Mo gbé e dìde. Mo ní bí mo bá tètè mọ̀ ni, ǹ bá ti fi ẹnu ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn.

Bàbá ti ń dúró de àlejò wa. Ó ti fi bí ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ìkíni kan lọ́wọ́ mi, ó sì wọ kóòtù. “Bọ́ńjúù, Màdáàmù, ẹ káàbọ̀ sí Adó,” ni ó sọ ní Faransé, láìṣì í. “Ẹ kú ilé o, Bàbá,” ni àlejò mi dá a lóhùn. Bàbá kò gbà. Ó tún un sọ ní Faransé láti ìbẹ̀rẹ̀. Àlejò mi wò mí, ó fi Faransé dá a lóhùn pẹ̀lú gbogbo ìyẹ́sí, ìgbà náà ni Bàbá tó lọ jókòó.

Màmá mi gún iyán, ó fi ọbẹ̀ ẹran ọ̀yà tì í. Ó ní ẹni tó bá ń kọ̀wé nípa ẹran gbọ́dọ̀ mọ adùn rẹ̀. Àlejò mi wo ọbẹ̀, èmi náà wò ó. Apá tó sọ̀rọ̀ nípa àrùn ni a jọ parí nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ aràn inú rẹ̀ nìkan gba ojú ìwé mẹ́rin. A bu iyán, a rọra ń fi omi ọbẹ̀ nìkan kàn án.

“Ìwé ti ba ẹnu àwọn méjèèjì jẹ́,” ni màmá mi wí fún ọkọ mi, ó sì kó ẹran náà fún un.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ọmọ mi sùn lé àlejò mi láyà. Mo bi í bí ọ́fíìsì rẹ̀ ṣe rí, torí lọ́kàn mi, ọ́fíìsì tó ní àwọn akọ̀wé ni. 

“Ẹ̀gbọ́n mi, n ò ní ọ́fíìsì,” ni ó wí. “Àrùn rọpárọsẹ̀ dá bàbá mi dùbúlẹ̀. Èmi ni mo ń yí wọn, èmi ni mo ń bọ́ wọn. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni mo gbé kọ̀mpútà sí. Àbúrò mi ló wà lọ́dọ̀ wọn lónìí. Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ wà ní ọ́fíìsì.” Ó fọwọ́ pa ọmọ lórí. “Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé, bí n ò bá rí ìwé láti ọ̀dọ̀ yín, n ò tíì bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ nìyẹn láti àárọ̀.”

Màmá mi, tí n ò mọ̀ pé ó ń gbọ́, ló dìde wá láti ẹnu ọ̀nà, tó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ní kó lọ dùbúlẹ̀ lórí ẹní tòun, kó sinmi, nítorí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn kì í mọ ìgbà tó ti rẹ òun. Ó sùn títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò jí i.

Iṣẹ́ Ìbàdàn náà bọ́ sí i, a jọ ṣe é. Òmíràn tẹ̀ lé e. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ ògbufọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ wá bí ẹni méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí ọ̀kan le, tí èkejì rọ̀.

Èémí ọmọ mi ń já geere sí i bí eyín rẹ̀ ṣe ń hù. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé ìwé tí mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá kí wa fúnra rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ ń béèrè mi, ààyè mi ṣì ṣófo, kí ni mò ń ṣe nílé tí n kò fi padà? Mo la ẹnu láti ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ náà sì gùn. Màmá mi, tó ń ṣa ẹ̀fọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kò gbójú sókè.

“Wọn ò ráyè, ọ̀gá,” ni ó wí nípa mi, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àgbà. “Uṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ rí wọn, ẹ máa kọ̀wé ránṣẹ́ kí ẹ tó wá.”

Ó wá yíjú sí mi, ó ní kí n lọ bu omi wá fún ọ̀gá, kí àlejò má jókòó lásán.